Pọ́ǹpù Ọkàn Kì Í Ṣe Fún Ẹni Tó Ń Dúró De Ọkàn Tuntun Nìkan

Nígbà tí àìlágbára ọkàn bá dé ìpele tó le jù, yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì ọkàn, tó yẹ kó máa ti ẹ̀jẹ̀ jáde sí gbogbo ara, á fẹ̀, agbára rẹ̀ á sì máa tán díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rí ọ̀nà jáde á dá padà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Aláìsàn kò ní lè sùn láìfi ìrọ̀rí bíi mẹ́ta tì í lẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ikùn rẹ̀ á kún fún omi, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa á bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀. Láti orí ibùsùn dé ilé ìwẹ̀ á di ìrìn àjò. Oògùn wà fún irú ọkàn bẹ́ẹ̀, ó sì ti dára ju ti àtijọ́ lọ gan-an, ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára oògùn mọ. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà: kí wọ́n pààrọ̀ ọkàn náà sí ti ẹni tó ti kú, tàbí kí wọ́n fi pọ́ǹpù sínú àyà láti máa bá ọkàn ṣiṣẹ́.

Pọ́ǹpù yìí kì í gba ipò ọkàn. Dókítà oníṣẹ́ abẹ á lu ihò sí ṣóńṣó yàrá ìsàlẹ̀ apá òsì, á ki ẹnu pọ́ǹpù bọ inú rẹ̀, á sì fa ọ̀pá rírọ̀ kan láti ara pọ́ǹpù náà lọ sí iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn. Nínú HeartMate 3, èyí tí wọ́n ń lò jù lọ lónìí, agbára òòfà ló gbé abẹ̀bẹ̀ inú pọ́ǹpù dúró sínú ẹ̀jẹ̀, kò fara kan ohunkóhun, nítorí náà kò sí ohun tó ń gbo. Ìwọ̀n pọ́ǹpù náà tó bíi gíráàmù 200. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń yí ìgbà 5,000 sí 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì lè ti ẹ̀jẹ̀ tó tó lítà 10 jáde láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Wáyà kan gba inú awọ ikùn jáde lọ bá ẹ̀rọ kékeré tó ń darí rẹ̀ ní ìbàdí, bátìrì méjì ló sì ń fún un ní iná, èyí tó lè gbé e dé wákàtí 17. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ láìdúró, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo pọ́ǹpù yìí ni dókítà kò ní rí ìlù iṣan ní ọrùn ọwọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń rìn, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń bá èèyàn sọ̀rọ̀.

Èrò kan ti gbilẹ̀ nípa ẹ̀rọ yìí láàárín ọ̀pọ̀ dókítà, láàárín àwọn tó ń pín owó ìlera, àti láàárín àwọn ẹbí aláìsàn pẹ̀lú. Èrò náà ni pé ọkàn tuntun ni ìtọ́jú gidi, pé pọ́ǹpù kàn wà láti mú aláìsàn dúró títí ọkàn ẹlòmíràn á fi rí, pé ẹni tí kò bá lè gba ọkàn tuntun kò ní ohun tí yóò fi pọ́ǹpù ṣe, àti pé ẹni tó tilẹ̀ ń dúró de ọkàn kò gbọ́dọ̀ gbà á àfi tí gbogbo nǹkan mìíràn bá ti kọ̀. Èrò yìí bá pọ́ǹpù àwọn ọdún 1990 mu. Kò bá ti òde òní mu mọ́, àwọn tó ń tẹ̀ lé e sì ń jẹ́ kí àwọn tó yẹ kó wà láàyè kú.

Ìtàn ló bí èrò náà, ìtàn ọ̀hún gan-an ló sì fi hàn pé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò ọkàn àtọwọ́dá sílẹ̀ lábẹ́ àjọ NIH ní ọdún 1964, ẹ̀rọ tí èèyàn yóò máa lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Kò tíì sí ẹni tó pààrọ̀ ọkàn èèyàn sí ti èèyàn nígbà náà; oṣù Kejìlá 1967 ni Christiaan Barnard kọ́kọ́ ṣe é ní Cape Town. Ọdún kan ṣáájú Barnard, Michael DeBakey ní Houston fi pọ́ǹpù tó wà ní ìta ara ran obìnrin kan lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ọkàn obìnrin náà padà bọ̀ sípò, wọ́n yọ pọ́ǹpù, ó sì yè. Ìtọ́jú ni pọ́ǹpù yẹn jẹ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ọkàn ẹlòmíràn tí ẹnikẹ́ni ń dúró dè.

Àwọn ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn náà ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1982, ní Yunifásítì Utah, wọ́n fi Jarvik-7 rọ́pò ọkàn Barney Clark pátápátá. Ọjọ́ 112 ló lò lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá kan tí kò ṣeé gbé rìn, àìsàn kan sì ń tẹ̀ lé òmíràn lójú gbogbo ayé. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ dókítà ti gbà pé ẹ̀rọ kò lè pẹ́ nínú ara èèyàn. Ní 1984, ní Stanford, wọ́n fi pọ́ǹpù Novacor gbé aláìsàn kan dé ìgbà tí ọkàn tuntun rí fún un. Ìyẹn dùn mọ́ni, kò sì ń béèrè pé kí ẹ̀rọ náà pẹ́. Nígbà tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí pọ́ǹpù HeartMate ní 1994, iṣẹ́ yìí nìkan ló fọwọ́ sí. Pọ́ǹpù ìgbà yẹn wúwo ju kìlógíráàmù kan lọ, ariwo rẹ̀ ń jáde láti inú ikùn, àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tó ń gbo ara wọn sì máa ń jẹ tán láàárín nǹkan bí ọdún méjì. Àìlera ẹ̀rọ ìgbà kan ló sọ ọ́ di ohun ìdúródè. Ẹ̀rọ náà ti kọjá lọ, òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítorí rẹ̀ ló ṣẹ́ kù.

Ìwádìí REMATCH, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, ló kọ́kọ́ dán èrò náà wò. Àwọn aláìsàn 129 tó wọ inú rẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún pé wọn kò lè gba ọkàn tuntun. Wọ́n fún 68 ní pọ́ǹpù, wọ́n fún 61 ní oògùn nìkan. Lẹ́yìn ọdún kan, 52 nínú 100 àwọn tó gba pọ́ǹpù ló wà láàyè, 25 nínú 100 ni ti àwọn tó ń lo oògùn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó di 23 àti 8. Àwọn tó ń tako pọ́ǹpù máa ń di 23 yẹn mú gírígírí: wọ́n ní ta ni yóò náwó sórí irú èyí? Ṣùgbọ́n 8 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ ba èèyàn lẹ́rù. Ìyẹn ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó máa lo oògùn lọ.

Pọ́ǹpù ọdún 2001 yẹn náà ni ó burú jù nínú gbogbo èyí tí wọ́n tíì lò fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní 2009, ìwádìí tí aláìsàn 200 kópa nínú rẹ̀ fi HeartMate II wé e. Lẹ́yìn ọdún méjì, 46 nínú 100 àwọn tó gba HeartMate II ń bẹ láàyè láìní àrùn rọpárọsẹ̀ tó le tó láti sọ wọ́n di aláàbọ̀ ara, tí pọ́ǹpù wọn kò sì tíì nílò àtúnṣe, nígbà tí iye ti àwọn tó gba pọ́ǹpù àtijọ́ jẹ́ 11 péré. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwádìí MOMENTUM 3 dé, tí aláìsàn 1,028 wọ inú rẹ̀, tí wọ́n fi HeartMate 3 wé HeartMate II. Ẹ̀jẹ̀ dídì inú pọ́ǹpù, tó jẹ́ ẹ̀rù ńlá fún gbogbo oníṣẹ́ abẹ ọkàn, bọ́ láti bíi 14 nínú 100 sí bíi 1 sí 2 láàárín ọdún méjì. Àbájáde ọlọ́dún márùn-ún tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022 fi hàn pé 58 nínú 100 àwọn tó gba HeartMate 3 ṣì wà láàyè. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà kò ya ẹni tó ń dúró de ọkàn sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò dúró de nǹkan kan. Aláìsàn kan náà ni wọ́n, pọ́ǹpù kan náà ni wọ́n fún wọn. Òótọ́ ni pé oògùn ti dára sí i láti 2001, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa yọ iye ìwádìí kan kúrò nínú ti òmíràn. Síbẹ̀, kò sí oògùn kan tó ti mú ìdajì àwọn aláìsàn ìpele yìí dé ọdún karùn-ún.

Kí ìwádìí wọ̀nyí tó jáde rárá ni Peter Houghton ti ń gbé ẹ̀rí náà kiri. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn dókítà sì ti sọ pé kò lè gba ọkàn tuntun. Ní oṣù Kẹfà 2000, ní Oxford, Stephen Westaby fi Jarvik 2000 sí i láyà, pẹ̀lú ihò iná rẹ̀ lẹ́yìn etí. Ó lò ó fún ọdún méje gbáko, títí di oṣù Kọkànlá 2007. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ó rin ìrìn máìlì 91 láti fi kówó jọ fún àánú, ó kọ̀wé, ó sì ń gba àwọn aláìsàn mìíràn nímọ̀ràn. Ẹni tí òfin ìdúródè ì bá ti sin ní ọdún 2000 nìyẹn.

Ọkàn tuntun dára ju pọ́ǹpù lọ. Kò sí iyàn níbẹ̀: ìdajì àwọn tó gbà á ń lò ju ọdún 12 lọ, wọn kì í sì í gbé bátìrì kiri. Ibi tí èrò tó gbilẹ̀ ti ṣìnà ni pé ó ń fi ohun tó dára ṣùgbọ́n tí kò sí wé ohun tó wà. Kí ẹnì kan tó gba ọkàn, ẹlòmíràn ní láti kú nílé ìwòsàn, kí ẹbí rẹ̀ gbà, kí ìwọ̀n ara àwọn méjèèjì súnmọ́ra, kí ẹ̀jẹ̀ wọn bá mu, kí ọkàn náà sì dé láàárín wákàtí díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ní àìlágbára ọkàn ju 900,000 lọ; àwọn tó ń gba ọkàn tuntun kò ju bíi 200 lọ lọ́dún. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́fà lọ ní àìsàn náà, ọkàn tí wọ́n pààrọ̀ ní 2023 lé díẹ̀ ní 4,500. Láti 2015 ni ilé ìwòsàn Papworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo ọkàn tó ti dákẹ́ nínú ara ẹni tó kú, tí wọ́n sì tún jí padà. Iṣẹ́ ìyanu ni, ó sì ti fi kún iye tó wà, ṣùgbọ́n àlàfo náà ṣì wà níbẹ̀.

Ìdúródè náà kò sì dọ́gba fún gbogbo èèyàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irú O lè fi ọkàn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ọkàn ẹlẹ́jẹ̀ O nìkan ló lè gbà. Nítorí náà àwọn ẹlẹ́jẹ̀ O ló ń pẹ́ jù lórí ìlà. Láàárín àwọn Yorùbá, irú O ló pọ̀ jù lọ. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham tàbí ní Houston, tí ọkàn rẹ̀ ń daṣẹ́ sílẹ̀, ni òfin tó so pọ́ǹpù mọ́ ọkàn tuntun ń nà ju aládùúgbò rẹ̀ tó ní irú A lọ. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022, lórí aláìsàn 377 ní ilé ìwòsàn 21, rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú ń gba pọ́ǹpù tàbí ọkàn tuntun ní nǹkan bí ìdajì ìgbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń gbà á, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ni gbogbo wọn wà. Ohun tó bá ń fi ìpinnu sílẹ̀ fún èrò ọkàn dókítà kan láìsí ìlànà tó ṣe kedere, àwọn ènìyàn kan náà ló sábà máa ń jìyà rẹ̀.

Amẹ́ríkà ti jáwọ́ nínú ìyàtọ̀ náà. Láti 2003 ni Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbà, ti ń sanwó pọ́ǹpù fún ẹni tí kò lè gba ọkàn tuntun, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá 2020, wọ́n yọ ìbéèrè náà kúrò pátápátá: wọn kì í béèrè mọ́ bóyá aláìsàn ń dúró de ọkàn kí wọ́n tó sanwó. Ní Jámánì, níbi tí ọkàn ẹni tó kú ti ṣọ̀wọ́n, àwọn tó ń gba pọ́ǹpù ju ìlọ́po méjì àwọn tó ń gba ọkàn tuntun lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ni Houghton, ló dúró sẹ́yìn. Àjọ NICE, tó ń gba ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, NHS, nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú, fúnra rẹ̀ sọ ní 2015 pé ẹ̀rí tó wà tó láti fi pọ́ǹpù sí àyà ẹni tí kò lè gba ọkàn tuntun. Síbẹ̀, NHS ní England ń sanwó rẹ̀ fún kìkì ẹni tó lè tẹ̀síwájú sí ìpààrọ̀ ọkàn. Ẹni ọdún 68 tí àrùn jẹjẹrẹ rẹ̀ ti wò sàn láìpẹ́, tí wọn kò lè fún ní ọkàn nítorí oògùn tó ń rẹ agbára ara láti gbógun ti àrùn sílẹ̀, èyí tí ẹni tó gba ọkàn gbọ́dọ̀ máa lò, wà ní ìta. Kò sí ìmọ̀ ìṣègùn tó ti í síta. Ìwé ìsanwó ló ti í.

Apá kejì èrò náà, pé kí pọ́ǹpù dúró di ìgbà tí gbogbo nǹkan bá kọ̀, ń pa èèyàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àwọn tó ń tọ́jú INTERMACS, àkọsílẹ̀ àwọn tó gba pọ́ǹpù, pín àwọn aláìsàn sí ìpele méje, láti ẹni tó ń kú lọ lójú gbogbo èèyàn dé ẹni tó ṣì ń rìn díẹ̀. Ọdọọdún ni àkọsílẹ̀ náà ń sọ ohun kan náà: àwọn tí wọ́n gbé dé yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà tí kíndìnrín ti dákẹ́, tí ẹ̀dọ̀ ti wú, tí wọ́n wà lórí ẹ̀rọ amúmí, ló ń kú jù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Apá òsì nìkan ni pọ́ǹpù ń ràn lọ́wọ́; apá ọ̀tún ọkàn ló gbọ́dọ̀ ti ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù. Bí aláìsàn bá ti pẹ́ jù, apá ọ̀tún náà á ti rẹ̀, pọ́ǹpù á sì máa yí láìrí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ka ikú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ pọ́ǹpù lọ́rùn, wọn yóò sì fi í ṣe ẹ̀rí pé kí wọ́n má tètè lò ó fún ẹlòmíràn. Bí ẹni tí kò pe bíríkìlà títí ògiri fi wó ni, tó wá ń sọ pé bíríkìlà kò mọṣẹ́.

Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ gidi kan lẹ́nu, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀: pọ́ǹpù ń ṣèpalára. Ojú ibi tí wáyà ti gba inú awọ jáde jẹ́ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún kòkòrò àrùn ní gbogbo ọjọ́ ayé aláìsàn. Ìyípo abẹ̀bẹ̀ náà ń ya èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ kí ojú egbò dì. Nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ìfun. Aláìsàn gbọ́dọ̀ máa lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú pọ́ǹpù, ìyẹn náà sì ń fi kún ìdàjẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kò tíì tán: nínú MOMENTUM 3, ó ṣe bíi 10 nínú 100 àwọn tó gba HeartMate 3 láàárín ọdún méjì. Pọ́ǹpù mìíràn tó ń jẹ́ HVAD burú débi pé ilé iṣẹ́ Medtronic tó ń ṣe é kó o kúrò lọ́jà ní oṣù Kẹfà 2021. Ṣùgbọ́n iye àrùn rọpárọsẹ̀ yẹn jẹ́ ìdajì ti HeartMate II, ìwádìí ARIES tó jáde ní 2023 sì fi hàn pé bí wọ́n bá yọ aspirin kúrò nínú oògùn àwọn tó ń lo HeartMate 3, ìdàjẹ̀ wọn ń dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń dì sí i. Ibi tí ìpalára ń lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣì ń fi iye ogún ọdún sẹ́yìn ṣèdájọ́. Ó sì yẹ kí wọ́n máa rántí ohun tí wọ́n ń fi ìpalára wọ̀nyí wé: àìsàn tó ń fún èèyàn pa bí omi ṣe ń fún ẹni tó ń rì.

Wọ́n tún ń sọ pé ayé tí èèyàn ń fi wáyà àti bátìrì gbé kì í ṣe ayé. Ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń ti ẹnu ẹni tí ara rẹ̀ dá wá. Àwọn tó ti gba pọ́ǹpù kò lè lúwẹ̀ẹ́ nínú odò, wọ́n ń fi ọ̀rá bo ojú wáyà kí wọ́n tó wẹ̀, wọ́n ń gbé bátìrì kejì kiri, ẹnì kan nínú ilé sì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá ké. Àjàgà ni, ó sì ń wúwo lórí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tó ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n ìwádìí lẹ́yìn ìwádìí ti wọn bí wọ́n ṣe ń rìn jìnnà tó ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bí ara wọn ṣe rí: púpọ̀ nínú wọn ń rìn jìnnà gan-an ju ti ìṣáájú lọ, wọ́n sì ń sọ pé ara tu wọ́n. Aláìsàn ló yẹ kó pinnu bóyá ayé náà tó o gbé. Bó bá sì di ọjọ́ tí kò tó mọ́, ó ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pa pọ́ǹpù náà, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí dókítà àti ẹbí ti jọ sọ kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ rárá.

Ohun kan wà tí èrò ìdúródè kò lè ṣàlàyé rárá. Ní 2006, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Harefield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Emma Birks àti Magdi Yacoub wà lára wọn, tẹ àbájáde wọn jáde lórí àwọn aláìsàn 15 tí wọ́n fún ní pọ́ǹpù pẹ̀lú oògùn líle. Ọkàn àwọn 11 nínú wọn sàn débi pé wọ́n yọ pọ́ǹpù kúrò. Ìwádìí RESTAGE-HF tún gbé ìlànà tó jọ ọ́ lọ sí Amẹ́ríkà lórí aláìsàn 40. Ọkàn ìdá méjì nínú márùn-ún wọn gbádùn tó láti yọ pọ́ǹpù láàárín ọdún kan àbọ̀. Àwọn tí wọ́n yàn jẹ́ ọ̀dọ́ tí àìsàn wọn kò tíì pẹ́, kì í ṣe gbogbo ọkàn ló lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ọkàn tó sinmi lábẹ́ pọ́ǹpù lè rí ara rẹ̀ gbà padà, ẹni tó ni í kò sì nílò ti ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé ìwòsàn tó wà lábẹ́ NHS ni Harefield tó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ yìí, lábẹ́ òfin tó ń wo pọ́ǹpù bí ibi ìdúró.

Owó rẹ̀ pọ̀. Ìyẹn kò ṣeé sẹ́, ìjọba kankan kò sì lè fún gbogbo ẹni tó ní àìlágbára ọkàn ní pọ́ǹpù. Kò sí ẹni tó ń béèrè bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù kò yẹ ẹni tí apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀ ti kú, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò ní bọ̀ sípò, tàbí tí iyè rẹ̀ ti ra, tàbí tí kò ní ẹni tí yóò bá a gbé. Kò tíì yẹ ibi tí iná mànàmáná kò ti dúró tí ilé ìwòsàn tó mọ ẹ̀rọ náà kò sì sí nítòsí; nínú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ọkàn ní Abẹ́òkúta, ẹ̀jẹ̀ ríru ló fa ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó dé ọwọ́ tálákà ni yóò sì gba ẹ̀mí jù níbẹ̀. Ìdí tó jẹ mọ́ ara àti àyíká aláìsàn nìyẹn, ó sì tọ́. Ipò orí ìlà ọkàn tuntun kò sí lára wọn.

Bí wọ́n bá fẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ rẹ̀, ìgbà tó yẹ kí dókítà ọkàn àdúgbò kọ̀wé sí àwọn tó ń fi í sáyà kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tí aláìsàn dákú. Ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e dé ilé ìwòsàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún kan nítorí ọkàn yìí ni. Ìgbà tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ débi pé wọ́n ní láti dín oògùn tó ń dáàbò bo ọkàn kù. Ìgbà tí oògùn tó ń fa omi ara jáde bá ń pọ̀ sí i tí ẹsẹ̀ kò sì fọn. Ìgbà tí kíndìnrín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ inú àyà tó ń ta ọkàn jí bá ń ta á léraléra. Tàbí ìgbà tí kò bá lè kúrò lórí oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan láti fi ta ọkàn jí. Níbẹ̀ ni kí àwọn oníṣẹ́ abẹ ti yẹ ọkàn tuntun àti pọ́ǹpù wò pa pọ̀, kí wọ́n sì sọ fún aláìsàn èyí tó bá ara rẹ̀ mu nínú méjèèjì, láìjẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ yẹ fún ọ̀kan kó tó rí èkejì gbà.